Ogún Àga Tó Jókòó Sínú Fọ́tò

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, ìdúró ni Ìyá Agbẹ̀bí fi rò ó. Wọ́n ní kó jókòó, ó kọ̀ jálẹ̀. Orúnkún ń ro ó gan-an, àmọ́ inú tó ń bí i ju orúnkún lọ.

"Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́. Ogún ni wá nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá àgbà tó ń kọ́ ìwé kíkà. Orí búlọ́ọ̀kù la máa ń jókòó. Ọkùnrin yìí wá, ó ní ilé-iṣẹ́ òun fẹ́ fi àga ta wá lọ́rẹ. Ó kó ogún àga wá, a jókòó, ó ní ká rẹ́rìn-ín, wọ́n ya fọ́tò. Ó ní kí n fọwọ́ síwèé pé a ti gba àga. Mo fọwọ́ sí i. Kí n tó dé bírò tán, ó ní ká dìde, ló bá kó àga ẹ̀ lọ!"

Ọkùnrin ọ̀hún ló ni ilé-iṣẹ́ tó ń kan àga. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Ọlọ́rẹ Àdúgbò.

"Ọlọ́rẹ, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Kábíyèsí. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Àmọ́ mi ò jẹ̀bi."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o!

"Òfin ló sọ pé ilé-iṣẹ́ tó bá ta ẹgbẹ́ àdúgbò lọ́rẹ, kí wọ́n bá a dín owó orí ẹ̀ kù. Mo bi akọ̀wé owó orí pé kí ni kí n mú wá. Ó ní fọ́tò kan, àti ìwé tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí. Kábíyèsí, kò dárúkọ àga!"

"Ṣé wọ́n dín in kù?"

"Wọ́n dín in kù dáadáa. Ọlọ́run ṣeun."

Wọ́n pe ayafọ́tò. Ó búra pé òun ò ní purọ́.

"Kábíyèsí, nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, àga ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn ìyá."

Dẹ́rẹ́bà ilé-iṣẹ́ ò dúró kí wọ́n pe òun. "Wà níbo? Ìwọ tó jẹ́ pé orí àga yẹn lo jókòó sí lẹ́yìn ọkọ̀ mi!"

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí!"

"Níbo lẹ ń kó o lọ?" Kábíyèsí bi dẹ́rẹ́bà.

"Ọ̀dọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù àdúgbò, Kábíyèsí. Wọ́n jókòó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dìde. Ó di ọ̀dọ̀ àwọn agbálẹ̀. Ogún àga kan náà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tiẹ̀ ń bi wá pé kí ló dé tí àga ń gbóná."

"Ẹgbẹ́ mẹ́ta!" Ọlọ́rẹ na ìka mẹ́ta sókè. "Ogún àga péré ni mo fi mú ẹgbẹ́ mẹ́ta rẹ́rìn-ín. Kàkà kí ẹ yìn mí! Ìyá, ṣebí orí búlọ́ọ̀kù lẹ wà tẹ́lẹ̀, orí búlọ́ọ̀kù náà lẹ wà báyìí. Kí ló wá bàjẹ́?"

"Orúkọ mi ni."

Ìyá Agbẹ̀bí yíjú sí Ọlọ́rẹ.

"Látọjọ́ tí mo ti dáyé, ìka ni mo máa ń tẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi. Ìwé tìẹ ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sí. Irọ́ lo wá fi pa. Ojú ń tì mí, mi ò lè wo bírò mọ́." Omi bọ́ lójú ẹ̀, ó fi etí ìborùn nù ún. "Ta ló gbẹ̀bí ìyá ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Ká ní mo gbé ẹ lé e lọ́wọ́, mo ní kó rẹ́rìn-ín, mo ya fọ́tò, mo wá gbé ẹ lọ sílé kejì ńkọ́?"

Ìjòyè àgbà kan rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí ẹ̀. Kábíyèsí ò rẹ́rìn-ín.

"Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Tìẹ kò tiẹ̀ sá kọjá ogún àga. Kó àga náà fún àwọn ìyá lónìí. Lọ kan tuntun fún ẹgbẹ́ méjì tó kù. Ayafọ́tò, ya àga tó wà ní ọ́fíìsì Ọlọ́rẹ. Ẹ gbé àga jáde, ẹ tẹ́ fọ́tò sí àyè ẹ̀. Orí ẹ̀ ni yóò máa jókòó."

"Yéè! Dìgbà wo, Kábíyèsí?"

"Dìgbà tí lẹ́tà tó sọ òótọ́ bá dé ọ́fíìsì owó orí. Ìyá Agbẹ̀bí ni yóò kọ ọ́."

"Kí n wá akọ̀wé fún wọn?"

"Ṣé o ò gbọ́ pé ó ti mọ̀wé ni? Dúró tì í títí yóò fi parí."

Ìgbà yẹn ni Ìyá Agbẹ̀bí tó jókòó. Wọ́n fún un ní ìwé àti bírò. Ó tẹ̀ba, ó yọ ahọ́n síta díẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi sú Ọlọ́rẹ. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára díẹ̀."

"Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá ẹ fi rọbí. Ṣé mo kán ẹ lójú? Dúró jẹ́ẹ́."

Orúkọ ara ẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ sísàlẹ̀ ìwé náà, gàdàgbà. Òótọ́ tó máa wà lókè ẹ̀ ló kù.