Wọ́n Bá Mi Kẹ́dùn Kọ́ládé Onígìtá

Bí mo darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ tí àwọn ará ilé wa ní Ìdímù wá bá mi kẹ́dùn kò ní tán lọ́kàn mi. Ẹni tí wọ́n wá kẹ́dùn rẹ̀, ìyá kankan kò bí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Tíṣà ni mí, èmi nìkan ni mò ń gbé yàrá mi, ohun méjì ló sì ń mú inú mi dùn: orin onígìtá àti eré orí tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe orin àwọn gbajúmọ̀ o. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta mẹ́rin tó kóra jọ sínú gáréèjì, tí wọ́n fi owó ara wọn gbé orin jáde, tí ohùn wọn tilẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, àwọn ni tèmi. Ní ti eré, lójú tèmi, eré tí wọn ò bá tíì pa ẹnì kan nínú rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n ṣá má pa ẹni tèmi.

Ìyá Ṣàkírátù, aránṣọ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín èmi àti òun, kò gba ti orin yìí rárá. Ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò tó jóná. Ọ̀rọ̀ di ìjà, ìjà di odì. Láti ìgbà òjò la ò ti kí ara wa mọ́. Mò ń ṣe bíi pé kò kàn mí, àmọ́ ó dùn mí, torí òun ló máa ń bá mi ká aṣọ bí òjò bá ká mi mọ́ iléèwé.

Nígbà yẹn, eré kan wà tí mo máa ń wò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin tó dá ẹgbẹ́ onígìtá sílẹ̀. Kọ́ládé ni olórin wọn. Mo fẹ́ràn ọmọ náà débi pé mo sọ ọ́ di àbúrò mi. Mò ń gbọ́ orin rẹ̀ láràárọ̀, ògiri náà ń gbọ́. Ni Kọ́ládé bá ṣubú lórí ìtàgé lọ́jọ́ Ẹtì kan, eré parí síbẹ̀, iná sì lọ. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Mo gbé àwòrán òun àti gìtá rẹ̀ sórí sítátọ́ọ̀sì fóònù mi, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Kọ́ládé, àbúrò mi, o lọ láìdágbére. Sùn-un re." Mo sì lọ sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ìyá Ṣàkírátù ni, ó gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín dání.

"Àǹtí Tíṣà, ẹ kú ará fẹ́ra kù o."

Mo rò pé òun náà ń wo eré náà ni. "Ẹ ṣé mà. Mi ò mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n."

"Mo rí i lórí fóònù yín ni. Kí ló ṣe é?"

"Ó ṣubú lórí ìtàgé ni mà, níbi tó ti ń kọrin."

Ó fọwọ́ lérí. "Ṣé òun ló ń kọ orin tí mò ń bá yín jà lé lórí?"

"Òun ni mà."

Ó bú sẹ́kún. "Yéè! Orin ọmọ yẹn ni mo pè ní ìkòkò jíjóná! Ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Mi ò mọ̀ pé àbúrò yín ni."

Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Mo lanu láti sọ òótọ́, àmọ́ ó ti di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó sì pẹ́ gan-an tí ẹnì kan ti dì mí lọ́wọ́ mú bẹ́ẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, odì tuntun nìyẹn. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé irọ́ kò dára, mo pa ẹnu mi dé.

Kò pẹ́ tí Bàbá onílé fi mú áfáà wọlé. Áfáà bẹ Ọlọ́hun pé kó forí jin Kọ́ládé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi dé, wọ́n dá orin. Mo ṣe àmín sí méjèèjì. Bàbá onílé bi mí pé níbo la sin ín sí. Torí mi ò mọ ìdáhùn, mo bú sẹ́kún, ni wọ́n bá ní kí ẹnikẹ́ni má bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Àfi bí iná ṣe dé. Tẹlifíṣọ̀n tí mo gbàgbé láti pa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n ń polówó eré ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: Kọ́ládé wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó lajú, ó ní kí wọ́n gbé gìtá òun wá.

Kí n tó mọ̀, mo ti fò sókè. "Kò kú o! Ọlọ́run mi, kò kú!"

Kò sẹ́ni tó bá mi yọ̀. Áfáà wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo fóònù mi, ó tún wo tẹlifíṣọ̀n.

"Àǹtí Tíṣà," Bàbá onílé ní, "ṣé eré la wá ń sunkún lé lórí láti àárọ̀?"

Wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ṣàkírátù ló gbẹ̀yìn. Ó gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín rẹ̀, kò wò mí lójú. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú mà. Nígbà tí ẹ dì mí lọ́wọ́ mú ni mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò fẹ́ ká tún máa yan ara wa lódì."

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú sí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Ta ló tiẹ̀ ṣe ọmọ ọlọ́mọ báyẹn?"

"Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mà. Ó fi nǹkan sínú omi tó mu."

"Ṣé èyí tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń rẹ́rìn-ín yẹn?"

"Òun náà ni."

"Mo mọ̀! Ojú ẹ̀ ò mọ́ jàre." Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó jókòó.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹkún tí a kò bá sọ ìdí rẹ̀, aládùúgbò á bá wa wá ìdí sí i. Láti ìgbà náà, mi ò gbé òkú eré sórí fóònù láìkọ ọ́ gàdàgbà pé eré ni. Kò sí ọjọ́ Ẹtì tí Ìyá Ṣàkírátù kì í wá sí yàrá mi. Ó ṣì ní wọ́n ń ha ìkòkò, àmọ́ bí Kọ́ládé bá ti ń kọrin, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wúkọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọlọ́pàá inú eré mú Kọ́ládé. Láàárọ̀, mo rí sítátọ́ọ̀sì Ìyá Ṣàkírátù: "Ẹ fi àdúrà ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n ti ti Kọ́ládé ọmọ mi mọ́lé." Mo sáré lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pé kó tètè pa á rẹ́. Ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti lọ́yà kan ti wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ẹ̀rín náà korò díẹ̀, torí èmi ni mo kọ́ ọ.