Màmá Ìbílọlá Ń Yẹ Ayálégbé Wò

Jùwọ́nlọ télọ̀ gbé orí maṣíìnì ìránṣọ léjìká, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà Màmá Ìbílọlá ní Ayédé. Ọlọ́kadà tó gbé e wá ti lọ, òjò sì ti ṣú. Yàrá kan tó ṣófo nínú ilé náà ló fẹ́ gbà. Màmá ti bi í ní ìlú bàbá rẹ̀, ìlú ìyá rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, àti bóyá ó máa ń hanrun. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀. Ti ìhanrun nìkan ni kò dá a lójú.

"Ta ló máa dúró fún ọ?"

"Díákónì wa ní Ìlógbò, mà."

"Díákónẹ́ẹ̀sì lèmi náà. Mo mọ bá a ṣe rí. Dárúkọ ẹlòmíràn."

Jùwọ́nlọ sọ maṣíìnì kalẹ̀. Ó ní kí màmá má bínú, òun náà ní ìbéèrè. Ọkùnrin kan ní Ìfàkì ti fún òun ní yàrá rí nínú ilé tí kì í ṣe tirẹ̀. Onílé gan-an ló wá lé òun jáde tòun ti maṣíìnì.

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ulé yìí?"

Màmá nawọ́ sí ògiri, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.

"Ti Ìfàkì náà kọ ọ́, mà. Ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ, ó lẹ̀ mọ́ mi láṣọ."

Màmá fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, sídìí sàréè kan tí wọ́n lẹ táìsì sí.

"Bàbá Ìbílọlá rèé. Ṣé mo máa lọ sin ọkọ mi sí ulé onúlé?"

Jùwọ́nlọ ka orúkọ ara sàréè náà lẹ́ẹ̀mejì. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún táìsì. "Ẹ kúulé o, bàbá. Yàrá ni mo wá gbà."

"Kí ló wí?"

"Wọ́n ní kí n bi yín."

"Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń ṣe nígbà tó wà láyé."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Màmá dijú, ó ń gbàdúrà, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì.

"Mà, kí ni Olúwa wí?"

"Kò wí nǹkan kan."

Jùwọ́nlọ gbé maṣíìnì padà séjìká, ó kọjú sí títì.

"Níbo lò ń lọ? Ẹni tó gbé yàrá yẹn kẹ́yìn, Olúwa fi í hàn mí lójú ìran kó tó kó wọlé, aṣọ funfun ló wọ̀. Nígbà tó máa kó jáde, ó tú fáànù mi lọ, ó tú ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ ọn. Ìwọ tí Olúwa dákẹ́ lé lórí yìí, máa gbé maṣíìnì ẹ bọ̀."