Owú Tó Gbé Mi Dé Ìdí Ẹ̀rọ Ìgékoríko

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí ọkàn mi kò jẹ́ kí n gbàgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti bẹ̀ ẹ́ títí. Bódìjà là ń gbé nígbà náà, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí àwọn ilé ibẹ̀ ṣì ń ta òórùn ọ̀dà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ìjọba, èmi sì ń ránṣọ nínú ilé. A kò ní wàhálà kankan títí obìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì fi ti ìlú òyìnbó dé, tó kó sí ilé tó kángun sí tiwa. Sístà ni gbogbo wa ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún, ó ń parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Sístà rẹwà, ó mọ̀wé, ó sì tún wá ní ẹ̀rọ ìgékoríko tó ń lo bẹntiróòlù, tó bá a wọ ọkọ̀ ojú omi dé. Àdá ni àwa yòókù fi ń ṣán koríko tiwa.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ta ló yọjú pé òun á tún un ṣe? Ọkọ mi ni o, ọkùnrin tí kò lè kan ìṣó kan mọ́ ògiri kó má kan ìka ara rẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án Sátidé, á wẹ̀, á ya irun, á fi pàúdà sọ́rùn, á wá gba àárín òdòdó tó pààlà ilé méjèèjì kọjá lọ tún ẹ̀rọ ṣe. Ta ló ń fi pàúdà tún ẹ̀rọ ṣe? Màá wà nídìí iṣẹ́ mi, màá gbọ́ tí ẹ̀rọ náà á bú díẹ̀, á dákẹ́, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Koríko ilé tiwa ti ga dé orúnkún.

Mo jowú. Kí n má purọ́, mo jowú gan-an. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Èyí tó wà láyà tèmi tẹ́lẹ̀ kò tó nǹkan, owú sì jẹ ẹ́ tán. Lọ́jọ́ kan, mo rán apá bùbá oníbàárà mi mọ́ ojú ọrùn rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mọ́kọ́lá, mo lọ fẹjọ́ sun ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí gbogbo ẹbí ń bẹ̀rù.

Wọ́n gbọ́ tán, wọ́n ní, "Má sọkún. Mò ń bọ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Màá fi ojú ara mi rí obìnrin náà."

Ṣùgbọ́n òjòwú kì í ní sùúrù. Nígbà tí Sátidé mọ́, tí ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́, mo rò ó pé bí ẹ̀rọ yìí bá dára kó tó dé, kí ni yóò tún wá lọ ṣe níbẹ̀? Èmi tí mò ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣe fúnra mi, kí ló lè bà mí lẹ́rù? Mo mú agolo ọ́ìlì mi, ó di ọ̀dọ̀ Sístà.

"Sístà, mo wá bá yín wo ẹ̀rọ yín."

Mo rò pé ojú rẹ̀ á fà ro. Ńṣe ló kúnlẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ gbà mí. Bùọ̀dá ń gbìyànjú, Ọlọ́run rí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọwọ́ kàn án ni kò ti lè ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọkọ mi kọ̀wé pé kí n gbé e fún mẹkáníìkì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e kọjá níwájú ilé yín? Ẹni tó jù mí lọ ń ràn mí lọ́wọ́, kí n wá ní kí wọ́n dáwọ́ dúró?"

"Ẹ̀rín tí mò ń gbọ́ ńkọ́?"

"Bí mi ò bá rẹ́rìn-ín, ẹkún ni màá sun, mà."

Ó yẹ kí inú mi dùn. Dípò bẹ́ẹ̀, owú kúrò, ìbínú mìíràn dé. Ta lẹni tó ń sọ pé ọkọ mi ò mọ nǹkan kan? Díẹ̀ ló kù kí n yíjú padà sílé, ṣùgbọ́n aago ń lọ.

Mo ro ọ́ìlì sí gbogbo ihò tí mo rí lára ẹ̀rọ náà. Sístà fa okùn, ẹ̀rọ bú, èéfín bò wá mọ́lẹ̀. Kò pẹ́, ó kú. Mo ṣí ìdérí táńkì, ó mí fùú. Mo dé e, a tún fa okùn, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó tún kú. Mo wá wo ìdérí náà dáadáa, mo rí nǹkan funfun kan lójú ihò kékeré tó wà lórí rẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Àbẹ́là ni, mà. Bùọ̀dá ló yọ́ ọ síbẹ̀, kí epo má baà máa ta jáde."

Mo jókòó sílẹ̀. Ẹni tó bá ti da mílíìkì inú agolo rí mọ̀ pé ihò méjì là ń lu sí i. Bí atẹ́gùn ò bá ríbi wọlé, mílíìkì ò ní dà. Ọkọ mi ti dí ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú táńkì, epo ò sì lè dà sínú ẹ̀rọ. Ọ̀kan nínú àwọn abẹ́rẹ́ tí àwa aránṣọ máa ń gún sáyà bùbá ni mo yọ, mo fi họ àbẹ́là náà kúrò.

A fa okùn, ẹ̀rọ bú, kò sì kú mọ́. Ayọ̀ pa mí bí ọtí. Mo di ọwọ́ ẹ̀rọ mú, mo tẹ irin kan níbẹ̀, ló bá gbéra. Mi ò mọ èyí tí wọ́n fi ń dá a dúró.

"Ẹ tú irin yẹn sílẹ̀, Àǹtí!"

Ńṣe ni mo tún dì í mú le. Ó wọ́ mi gba àárín òdòdó bọ́ sí àgbàlá wa, etí ìró mi sì kó sí i lẹ́nu. Ó jẹ ìró náà títí ó fi há a lọ́fun, ó dúró. Yẹ̀rì nìkan ló kù nídìí mi.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti pàdé níbùdókọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wò mí, wọ́n wo Sístà tó sáré tẹ̀ lé mi.

"Ìyàwó," wọ́n ní, "obìnrin tí o ní ó fẹ́ gba ọkọ rẹ, èwo ni?"

Ilẹ̀ kò lanu kí n wọlẹ̀. Sístà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọkọ mi wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀rọ.

"Ta ló tún un ṣe?" Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Ọ̀rọ̀ àbẹ́là ti dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìtìjú tirẹ̀ á ju ti èmi tí mo wà ní yẹ̀rì lọ. Mo ṣì ń gbé e mì ni Sístà dáhùn.

"Ẹ̀yin náà ni, Bùọ̀dá. Díẹ̀ ló kù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àǹtí kàn bá mi parí ẹ̀ ni."

Ó tú ìró tó ró lé aṣọ ilé rẹ̀, ó ró o mọ́ mi nídìí, ó sì so ó le. Obìnrin tí mo wọ ọkọ̀ lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn ló bo ìhòòhò mi. Ìgbà náà ni mo bú sẹ́kún.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọkọ mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo lọ dá ìró padà, tí mo kúnlẹ̀ bẹ Sístà, ó fà mí dìde. "Ọkọ tèmi wà lókè òkun, Àǹtí. Ṣé ẹ rò pé owú ń jẹ́ kí èmi náà rí oorun sùn?"

Láti ọjọ́ náà, bí nǹkan bá ń jẹ mí lọ́kàn, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ni mo ń bi, kí n tó lọ pe ẹbí jọ. Ọkọ mi náà kò sì ríbi lọ ní Sátidé mọ́. Ó jókòó tì mí bí mo ti ń fẹ́, ó ń wò yí ká, títí ó fi ní ohùn rédíò wa ń ha, kí òun bá wa tú u wò. Rédíò náà kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi kó kúrò ní Bódìjà. Èmi ni mo kúkú ní kó dúró sílé. Mo rẹ́rìn-ín, mo mójú kúrò.