Ṣòkòtò Inú Dígí

Ilé-iṣẹ́ mìíràn a máa gbé àwòrán ẹni tó dá a sílẹ̀ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ní ilé-iṣẹ́ fóòmù tí à ń sọ yìí, ṣòkòtò ni wọ́n gbé kọ́. Ṣòkòtò aláwọ̀ eérú, tó fẹ̀ bí aṣọ fèrèsé, wọ́n nà án sínú férémù, wọ́n fi dígí bò ó. Ẹni tó ni ín kò kú o. Ó wà nínú yàrá kejì, ó ń wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé.

Òun ni ọ̀gá tó ń mójú tó àwọn òṣìṣẹ́. Orúkọ tó fún ara rẹ̀ ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, nítorí àwọn àgbà ní ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣubú lu àwo, àwo ò fọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ gbà fún un. Láti ìgbà tó ti di ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, àwo kankan ò fọ́ lóòótọ́. Ohun tó wà nínú àwo ni wọn ò rí mọ́.

A kì í torí ẹ̀fẹ̀ purọ́ mọ́ ènìyàn. Ọkùnrin náà ti sanra rí, ṣòkòtò inú dígí yẹn ló ń wọ̀ nígbà náà, ó sì fọn lóòótọ́. Ó ń fẹsẹ̀ rìn wá síbi iṣẹ́ lójò lẹ́ẹ̀rùn, ó jáwọ́ nínú ṣúgà, ó sì ń fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú abọ́. Ikùn rẹ̀ wọlé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń ru rọlẹ̀, gbogbo ènìyàn sì kí i. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí ni, ì bá má sí ìtàn.

Ṣùgbọ́n ìyìn ń pani bí ọtí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìkíni tán lẹ́nu àwọn ènìyàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò gbà là. Bàbá Awakọ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́, nítorí ikùn Bàbá Awakọ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó ń lọ.

"Bàbá Awakọ̀, kí ló wà nínú abọ́ yẹn?"

"Ìrẹsì ni, ọ̀gá."

"Ìrẹsì nìkan?"

"Ẹran wà lórí ẹ̀."

"Ẹran kẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ kú ni? Ẹ gbé e wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó yẹ̀ ẹ́ wò tán pátápátá. Egungun ló dá padà. Ó ní ẹran náà léwu gan-an, òun ò sì lè lajú sílẹ̀ kí àgbàlagbà fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀.

Bí àyẹ̀wò ṣe di òfin nìyẹn. Bó bá ti di ọ̀sán, abọ́ á tò sórí tábìlì rẹ̀ bí ẹrù arìnrìn-àjò. Ẹyin léwu. Ó fura sí ẹ̀wà. Búrẹ́dì ti akọ̀wé tilẹ̀ burú débi pé ó ní láti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ ò mọ ìyà tí mò ń jẹ nítorí yín," ni yóò wí, ẹnu rẹ̀ á sì kún.

Agba-ikú-jẹ! Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ a-gbẹ́mìí-oníkùn-là! Akọni tó dá nìkan dojú kọ ọbẹ̀, tí ọbẹ̀ ò rí i gbé ṣe!

Nílé, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Kì í ṣe pé ó ń sanra o. Alágbàfọ̀ ni. Ó lé ọ̀kan lọ, ó lé èkejì. "Omi yín ló ń mú aṣọ mi súnkì! Olè aṣọ!" Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, wò ó pé ariwo yìí ti pọ̀ jù fún àwọn ìbejì wọn tó ń sùn. Ó mú ọ̀bẹ, ó tú ojú rírán ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, ó fi aṣọ kún un, ó rán an padà. Kò sọ fún ẹnì kan.

Ọkọ wọ ṣòkòtò, ṣòkòtò wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ṣé o rí i? Alágbàfọ̀ tuntun yìí mọṣẹ́."

"Ó mọ̀ ọ́n o, Bàbá Ìbejì," ni ìyàwó wí. Láti ìgbà náà, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò sinmi.

Abọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ò tó Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ́. Ó tọ Ọ̀gá Àgbà lọ, opó àgbàlagbà tó ni ilé-iṣẹ́ náà.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká ti ilé ìdáná pa. Ká kó dígí ńlá ńlá sí i, kí n jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa wá wo ara wọn, ojú á máa tì wọ́n, wọ́n á máa fọn."

"Ìyá Ìdáná ńkọ́?"

"Kí wọ́n lọ sinmi. Ìkòkò wọn ló ń pa wá."

Ìyá Ìdáná gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ náà ti ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ti ń sè fún wọn. Owó oṣù yẹn ló fi ń tọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó ń ro ìkòkò rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá Àgbà ní, "Ọjọ́ àwọn alágbàtà ń bọ̀. Bọ́ síta, kí o fi ara rẹ hàn wọ́n. Bó bá wú wọn lórí, a ó ti ilé ìdáná."

Lọ́dọọdún ni àwọn alágbàtà tó ń bá wọn ta fóòmù máa ń péjọ sí àgbàlá. Wọ́n á to fóòmù jọ, Bàbá Awakọ̀ á gun orí rẹ̀ jókòó, á sì dìde. Fóòmù á wú padà, gbogbo wọn á sì ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri: TẸ̀ Ẹ́ TÍTÍ, YÓÒ PADÀ SÍPÒ.

Wọ́n ṣe é tán. Ó kan Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, èèyàn méjì ló ń gbé inú mi tẹ́lẹ̀. Mo ti lé ọ̀kan jáde! Ẹ máa wò ó: màá wọ ṣòkòtò yìí, Bàbá Awakọ̀ á bá mi wọ inú ẹ̀, àyè á sì tún ṣẹ́ kù." Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. "Ìyá, ẹ máa dágbére fún ìkòkò yín."

Káfíńtà ilé-iṣẹ́ gbé férémù wá láti ẹnu ọ̀nà, ó ṣí i. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀ ọ́, ó ti òsì bọ̀ ọ́, lórí ṣòkòtò tó wọ̀ wá. Ó fà á sókè. Nígbà tó dé itan, ó ń falẹ̀. Nígbà tó dé ìdí, ó ń rò ó. Nígbà tó dé ikùn, ó dúró.

Ó fa èémí sínú. Bọ́tìnnì ráyè wọ ihò rẹ̀, tipátipá. Ó ki ọwọ́ bọ ìbàdí láti na ṣòkòtò síwájú kí gbogbo ayé rí àyè. Ìka kan ò wọlé.

Bàbá Awakọ̀ jáde bí wọ́n ṣe jọ sọ ọ́, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó ń wò yíká.

"Ọ̀gá, ibo ni kí n gbà wọlé?"

"Dígí ni!" Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pariwo. "Dígí yìí ló mú un súnkì!"

Ìyàwó rẹ̀, tó wá wòran pẹ̀lú àwọn àlejò, dìde níwájú. "Bàbá Ìbejì, ẹ má bá dígí jà. Òun nìkan ni ò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ mi dé ibẹ̀."

"Abẹ́rẹ́ wo?"

"Èyí tí mo fi ń tú àwọn yòókù. Àbí alágbàfọ̀ wo ló ń fọ aṣọ tí aṣọ ń fẹ̀ sí i?"

Ẹ̀rín bú. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sáré fẹ́ bọ́ ṣòkòtò náà, ẹsẹ̀ kan há, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó sì dà lu fóòmù gbàà. Fóòmù gbé e mì. Bàbá Awakọ̀ àti káfíńtà ló fà á jáde. Bó ṣe kúrò níbẹ̀ tán, fóòmù rọra wú, ó padà sí bó ṣe wà.

Alágbàtà kan gbójú sókè wo ògiri, ó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn sì gbè é: "Tẹ̀ ẹ́ títí, yóò padà sípò!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Fóòmù ni wọ́n pa á fún.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde, ṣòkòtò náà lára rẹ̀. Kò nílò bẹ́líìtì.

Ọ̀gá Àgbà dúró kí ariwo rọlẹ̀.

"Ìyá Ìdáná, kí lẹ sè?"

"Ìrẹsì ni, Màmá."

"Ẹran wà lórí ẹ̀?"

"Ó wà."

"Ẹ bù ú fún wọn. A ò yẹ̀ ẹ́ wò mọ́."