Ìbàdí Ta Ni?

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ máa ń gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ pé, "Bí ẹni gíga bá ní odò ò ju ìbàdí lọ, bi í pé ìbàdí ta ni." Ṣé ẹ mọ ohun tó gbé òwe náà dé ẹnu wọn? Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ọ́ fún yín. Odò gidi ni, ìbàdí gidi sì ni.

Ilẹ̀ méjì kan wà, Òkègùn àti Ìsàgò, odò kan ló là wọ́n láàárín. Ní Òkègùn, bí ẹ bá to gbogbo ọkùnrin wọn lọ́wọ̀ọ́wọ́, tí ẹ yọ àwọn tó gùn jù àti àwọn tó kúrú jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkùnrin lásán tó bá ṣẹ́ kù láàárín, orí rẹ̀ á máa kan igi àjà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìsàgò, ọkùnrin àárín tiwọn á gba abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó so kọjá láì tẹ orí ba. Kì í ṣe àrùn, kì í ṣe ègún. Ẹlẹ́dàá tó dá ọ̀pẹ ló dá ata, ata ò sì sunkún rí.

Ajíbóyè, àgbẹ̀ oníṣu kan ní Ìsàgò, ló rí Mosúnmọ́lá, ọmọ Láṣebìkan ará Òkègùn, lọ́jà ààlà. Ó gbójú sókè wò ó títí ọrùn fi ń ro ó. Ó délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti rí aya.

"Ọmọ Òkègùn, Ajíbóyè?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Báwo lẹ ó ṣe máa bára yín sọ̀rọ̀?"

"Ìyá mi, á jókòó, èmi á dúró."

Ìyá rẹ̀ gbàdúrà sí i. Ó mọ ọmọ tó bí. Bí Ajíbóyè bá ti dorí kọ nǹkan, àfi kó débẹ̀.

Láṣebìkan ò kọ̀ ọ́. Ó ní, "Mi ò wo gíga, ọmọ yìí. Ẹni tó ń mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ ni mo fẹ́. Kó iṣu wá, kí o tò ó kó dé àyà ọkùnrin. Lẹ́yìn náà, mú aṣọ òfì ogún ìgbọ̀nwọ́ wá fún ìyá ọmọ."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ajíbóyè fi kó iṣu. Ó tò ó sí àgbàlá Láṣebìkan, ó dúró tì í, ó wọ̀n ọ́n: àyà gan-an. Láṣebìkan jáde, ó wolẹ̀.

"Ta ló da iṣu sí mi lẹ́sẹ̀?"

"Èmi ni, Baba. Ó ti dé àyà."

"Itan ni mo rí yìí. Àyà ni mo ní kó dé."

Ajíbóyè tún iṣu náà wò. Ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé bí àna ṣe rí nìyẹn, àna kì í gbà pé nǹkan tó. Ó padà sílé, ó kó gbogbo iṣu inú àká ìyá rẹ̀ kún un. Kí wọ́n tó tò ó débi tí Baba ń wí, àkàbà ni wọ́n gùn.

Ti aṣọ ló wá burú. Ajíbóyè ti fi apá ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n lójú ahunṣọ, láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka, nígbà ogún. Láṣebìkan na apá tirẹ̀ lé e, ó di mọ́kànlá. Ó tún un wọ̀n. Mọ́kànlá. Ìyá Mosúnmọ́lá gbìyànjú láti ró o, ó dúró lórí orúnkún.

"Ìró rèé, àbí ìbàǹtẹ́?" ni obìnrin náà bi ọkọ rẹ̀.

"Ajíbóyè, níbo ni mẹ́sàn-án yòókù gbà lọ?"

"Baba, ogún ni! Mo fi Ọlọ́run búra!"

"Má fi Ọlọ́run búra lórí aṣọ. Mo ti rí i pé ahun ni ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Ìdána di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Bí oòrùn bá kan àtàrí tí o kò tíì dé, mo fi Mosúnmọ́lá fún ọmọ olówó màlúù tó ń tọrọ rẹ̀ níbí."

Ajíbóyè ò sunkún. Ó ní, "Ọ̀nà afárá jìn, Baba. Bí a bá la odò kọjá ńkọ́?"

"Ẹ là á. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tibẹ̀ dé ni. Kò ju ìbàdí lọ."

Òótọ́ ló sọ. Aṣọ ìbàdí rẹ̀ ò tíì gbẹ.

Lọ́jọ́ ìdána, Ajíbóyè kó ẹbí mọ́kànlá lẹ́yìn. Gbogbo wọn dé fìlà, wọ́n ru igbá, wọ́n fa ewúrẹ́ kan tí wọ́n fi aṣọ dídán so lọ́rùn. Wọ́n wọ odò. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta, omi dé àyà.

"Ajíbóyè, ó ti kọjá ìbàdí o," ni Òjélabí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wí.

"Baba ní kò ju ìbàdí lọ. Ẹ máa rìn."

"Ó ti dé ọrùn!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àna mi á purọ́ ni? A ò tíì dé ibi ìbàdí ni. Iwájú ló wà."

Òjélabí fẹ́ fèsì, omi kún ẹnu rẹ̀.

Láṣebìkan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo oòrùn. Ewúrẹ́ kan wọlé, ó tutù rinrin, aṣọ dídán wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ewúrẹ́ ni wọ́n rán wá dána?"

"Ó kúkú tètè dé," ni ìyá Mosúnmọ́lá wí.

Gbogbo ilé sáré lọ sétí odò, ọmọ olówó màlúù náà tẹ̀lé wọn. Kí ni wọ́n rí? Fìlà méjìlá! Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lójú omi, wọ́n ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sí orí lábẹ́ wọn. Bó bá ṣe díẹ̀, fìlà kan á fò sókè, ojú á yọ lábẹ́ rẹ̀, á mí, á tún wọlẹ̀. Fìlà iwájú ló ń fò jù.

"Baba!" Ó wọlẹ̀. Ó tún fò. "Ẹ ní ìbàdí!" Ó wọlẹ̀. Ó tún fò, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí epo. "Ìbàdí ta ni?"

Láṣebìkan binú wọ odò, ó dúró ní gbùngbùn àárín rẹ̀, ó fọwọ́ lu ara. "Omi rèé, ìbàdí rèé! Irọ́ wo ni mo pa?"

"Ẹ máa rojọ́ lọ, Baba mi," ni Mosúnmọ́lá wí, "ọkọ mi ń kú lọ." Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó kó sódò, ó fa Ajíbóyè yọ, ó pọ̀n ọ́n bí ọmọ jáde. Àwọn ọmọkùnrin Òkègùn kó àwọn yòókù sí abíyá, méjì méjì.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Láṣebìkan fi àyà tirẹ̀ wé àyà Ajíbóyè. Ó fi apá wé apá.

"Àṣé o kì í ṣe ahun."

"Àṣé ẹ̀yin náà kì í ṣe ọ̀kánjúà, Baba."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ olówó màlúù ò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sókè. "Baba, oòrùn ti kan àtàrí. Ọ̀rọ̀ yín dà?"

Gbogbo wọn kọjú sí Baba. Láṣebìkan kì í yẹ ọ̀rọ̀, tilé-toko ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ajíbóyè rọra yọ jáde lẹ́yìn Mosúnmọ́lá, omi ń ro tó tó tó lára rẹ̀, ó gbójú sókè.

"Àtàrí ta ni?"

"Tèmi!" ni ọmọ olówó màlúù wí.

"Tìrẹ ló máa kọ́kọ́ kàn, ìwọ lo sún mọ́ ọn. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ dé tèmi, a ó ti dána tán."

Láṣebìkan wo oòrùn. Ó wo orí Ajíbóyè. Ó tún wo oòrùn.

"Ẹ sáré, ẹ gbé ẹní wá," ló wí. "Ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀."

Bí wọ́n ṣe fẹ́ra nìyẹn. Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹni gíga lè má purọ́ o, ó lè jẹ́ olóòótọ́ bí ọjọ́. Síbẹ̀, bó bá ní odò ò ju ìbàdí lọ, kó o tó tẹsẹ̀ bọmi, bi í pé ìbàdí ta ni.