Ìgbálẹ̀ Tó Kọjá Ìgbọ̀nwọ́ Kan

Ẹjọ́ tó wọ ààfin wa lánàá, ìgbálẹ̀ ló gbé e dé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ olè, kì í ṣe ìjà tọkọtaya, ìgbálẹ̀ ọparun lásán ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ní àdúgbò wa létí odò ní Kyoto níbí, ìgbálẹ̀ ti da àárín aládùúgbò rú ju ọtí lọ.

Ohun tí à ń pè ní ààfin yìí náà, yàrá ìbọ́ṣọ ilé ìwẹ̀ àtijọ́ ni. Baálẹ̀ Nishiwaki ló ni ilé ìwẹ̀ náà kí iná rẹ̀ tó kú, òun náà sì ni olórí àdúgbò. Orí àga gíga tó máa ń jókòó sí gba owó ìwẹ̀ nígbà yẹn ló ṣì ń jókòó sí dájọ́. Yóò máa wo gbogbo wa láti òkè, bí ẹni tó ń wò ó bóyá a fọ ẹ̀yìn etí wa.

Kurata, ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, kúnlẹ̀ sórí ẹní nísàlẹ̀, orúnkún ń ro ó. Ọmọ Osaka ni, agboòrùn ló ń tún ṣe jẹun, ó sì yá ilé tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó kọjú sí igi wílò, tó kẹ̀yìn sí odò. Ilé ọ̀hún ń jò, àtẹ̀gùn rẹ̀ ń ké, ọ̀rinrin odò kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ. Ṣùgbọ́n tí Kurata bá ṣí fèrèsé ẹ̀yìn láàárọ̀, tó rí àwọn lékeléke tí wọ́n dúró jẹ́ẹ́ nínú omi, inú rẹ̀ a dùn débi pé á gbàgbé oúnjẹ. Kò sí ibòmíràn tó wù ú gbé láyé.

Wàyí o, ìwé àdéhùn ilé rẹ̀ ń parí lóṣù tó ń bọ̀. Shibano onílé kò sì lè tún un kọ láìsí òǹtẹ̀ Baálẹ̀ lórí rẹ̀. Ayálégbé tó bá jẹ̀bi níwájú Baálẹ̀ kì í rí òǹtẹ̀ gbà, ẹrù rẹ̀ ló máa ń lọ dì. Kurata mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí òógùn fi bò ó.

Olùpẹ̀jọ́ ni Màmá Tome, opó tí ilé rẹ̀ fara ti ti Kurata. Ó wọ kìmónò dúdú, ó jókòó ganrangan. Yoriko ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó fi rélùwéè sáré dé láti Nagoya.

"Màmá, kí ni Kurata fi ṣe yín?" Baálẹ̀ bi í.

"Ó ń kéde ikú mi."

"Ẹnu wo ló fi kéde rẹ̀?"

"Ìgbálẹ̀ ló fi kéde rẹ̀, Baálẹ̀."

Gbogbo ìgbìmọ̀ àgbà àdúgbò tó ń bá Baálẹ̀ gbẹ́jọ́ mí kanlẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀hún yé wọn. Lọ́dọ̀ wa, oníkálukú ló ń gbá iwájú ilé rẹ̀ láàárọ̀, á sì gbá ìgbọ̀nwọ́ kan kún un níwájú ilé aládùúgbò rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Ẹni tí tirẹ̀ bá dín, ahun ni. Ẹni tí tirẹ̀ bá lé, ó ń sọ fún aládùúgbò pé ọ̀bùn ni, tàbí pé agbára ti tán nínú rẹ̀. Ilé kan ṣoṣo tí a máa ń bá èèyàn gbá láti ògiri dé ògiri ni ilé tí olóhun rẹ̀ ti kú, tàbí tó wà ní ọsibítù tí wọn ò retí pé á padà wá.

Bẹ́ẹ̀, Màmá Tome ní láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí ni Kurata ti ń gbá iwájú ilé òun láti ògiri dé ògiri. Àkọ́kọ́, Daigo tó ń kiri tófù, wàrà ẹ̀wà sóyà, kò lu agogo ọjà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà òun mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, Màmá Fusae tó ń gbé ilé tó tẹ̀ lé tòun gbé tùràrí ìsìnkú wá.

"Ta ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?" Baálẹ̀ béèrè.

"Èmi náà ni. Mo gba tùràrí ara mi, mo sì dúpẹ́. Kí ni ǹ bá ṣe?"

Ẹnì kan wá tẹ Nagoya láago. Ìyẹn ni Yoriko ṣe sáré dé pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ nínú báàgì, tó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń jẹ ìrẹsì.

Yoriko tẹrí ba, ó bẹ̀bẹ̀ kí òun náà sọ tòun. Ó ní òun ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tó bá ti di pé àwọn aládùúgbò ló ń gbá iwájú ilé fún ìyá òun, a jẹ́ pé ọjọ́ ogbó ti dé nìyẹn. Òun ti rí ilé ìtọ́jú arúgbó kan tó mọ́ ní Nagoya. Tí ẹjọ́ bá fi hàn pé ìyá òun ò lè dá ilẹ̀ gbá mọ́, òun á mú un lọ, òun á sì ta ilé náà. Bó ṣe sọ pé òun á ta ilé, ìgbìmọ̀ wo ara wọn lójú, torí ilé tí wọ́n bá ti tà létí odò yìí, òtẹ́ẹ̀lì àwọn arìnrìn-àjò ló ń dà. Kurata rí i tí Màmá Tome fi ọwọ́ méjèèjì di kìmónò rẹ̀ mú lórí itan.

Háà, ọ̀rọ̀ wá di iṣu ata yán-an-yàn-an fún Kurata. Ohun tó mọ̀ kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti ojú fèrèsé rí Màmá Tome tó mú ìgbálẹ̀ jáde. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀. Ó tún gbìyànjú, ó di ògiri mú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì rọra wọlé lọ bí olè. Ewé wílò wà nílẹ̀ káàkiri. Bó ṣe rí lọ́jọ́ kejì náà nìyẹn. Kurata wá rò ó pé tí àwọn èèyàn bá rí ewé lójúde Màmá títí ọ̀sán, wọ́n á pe Nagoya. Ló bá ń tètè jí gbá a. Ọmọ Osaka, kò mọ̀ pé ilẹ̀ tó mọ́ jù ló máa pe Nagoya. Àánú ló ṣe é tó fi gbé ìgbálẹ̀, ìgbálẹ̀ náà ló sì wá ń lé àwọn méjèèjì kúrò nílé.

Tó bá sọ òótọ́ níbí, ìdáláre ni fún un, òǹtẹ̀ á dé. Ṣùgbọ́n Màmá Tome ń lọ sí Nagoya nìyẹn. Tó bá pa ẹnu mọ́, òun ni yóò lọ.

"Kurata," Baálẹ̀ wí, "ṣé ìwọ lo gbá a?"

"Èmi ni, Baálẹ̀."

"Kí ló dé?"

Kurata wúkọ́. "Ewé mi ni mo ń lé."

"Ewé ta?"

"Ewé tèmi. Ẹnu ọ̀nà mi ni igi wílò wà. Ewé tó bá já lára rẹ̀, tèmi ni. Tí afẹ́fẹ́ odò bá wá gbé e lọ sójúde Màmá ńkọ́? Ká ní fìlà mi ló fò lọ síbẹ̀, ṣé ẹ ò ní ní kí n lọ mú un?"

"Fìlà, ọ̀kan ni. Ewé mélòó lò ń lé?"

"Gbogbo wọn ni. Wọ́n ti mọ́ mi lára, Baálẹ̀."

Ẹ̀rín bú nínú yàrá. Shibano onílé kàn gbé ọwọ́ lé orí.

"Tí o bá wá lé wọn bá, kí lo ń fi wọ́n ṣe?"

"Mo ń dà wọ́n sódò."

"O lé wọn kí o lè rì wọ́n?"

"Odò ni wọ́n ń lọ tẹ́lẹ̀. Mo kàn ń sìn wọ́n sọ́nà ni."

Baálẹ̀ wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó ní kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Daigo alátófù ló kọ́kọ́ dìde, ó ní òun rí Kurata pẹ̀lú ojú òun, ó ń gbá ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ewé kankan nílẹ̀.

"Kí ló wá ń gbá?"

"Ilẹ̀ tó mọ́ ló ń gbá. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé Màmá Tome ti kú."

"Ṣé o rí òkú wọn?"

"Rárá o. Ojú fèrèsé ni mo ti rí wọn, wọ́n kí mi."

"Ẹni tó kí ọ, o ní wọ́n kú?"

"Mo rò pé wọ́n wá dágbére ni, Baálẹ̀."

Màmá Fusae ní kí wọ́n má dá Daigo lóhùn, ojú rẹ̀ ò dáa. Ó ní ewé wà níbẹ̀ tó mu èèyàn dé kókósẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ó mú òun yọ̀ ṣubú. Àti pé obìnrin ló ń gbá a, torí ẹni náà wọ épúrọ́ọ̀nù. Kurata ní òun lòun ni épúrọ́ọ̀nù, òróró tí òun fi ń pa agboòrùn oníwèé lòun ń tìtorí ẹ̀ wọ̀ ọ́. Màmá Fusae ní kò burú, ṣùgbọ́n etí òun kì í purọ́ fún òun. Ìró ìgbálẹ̀ gbogbo àdúgbò yìí lòun mọ̀ láti orí ẹní òun. "Ti Tome máa ń falẹ̀ ni. Eléyìí ń yára. Ti Tome gan-an, mi ò tíì gbọ́ ọ láti ìgbà tí..."

Ó ṣẹ́jú wo Yoriko, ó sì gbé ẹnu dákẹ́. Ṣùgbọ́n Yoriko ti gbọ́, ó ti na ọrùn.

"Láti ìgbà wo, Màmá?" ó bi í.

Kurata ò jẹ́ kó dáhùn. Ó dojú bolẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kan ẹní. "Ẹ̀bi mi ni. Mò ń jí ṣáájú wọn ni. Ojoojúmọ́ ni Màmá ń jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n á bá ilẹ̀ tó ti mọ́. Wọ́n lágbára. Èmi ni mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ dá mi lẹ́bi."

Màmá Tome gbé orí sókè, ó sì wo ọmọkùnrin náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Ó ti ka ìgbálẹ̀ rẹ̀ sí àfojúdi. Ó wá yé e báyìí pé ó rí òun lọ́jọ́ tí òun di ògiri mú, àti pé ó fẹ́ pàdánù ilé rẹ̀ kó má baà sọ ọ́. Omi lé sí i lójú, ó sì bínú sí omi náà.

Baálẹ̀ rí gbogbo ẹ̀ láti orí àga gíga. Ó ní, "Màmá, ṣé òótọ́ ni? Ẹ ń jáde láràárọ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀?"

"Òótọ́ ni." Ohùn rẹ̀ ti le. "Kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n gbá. Ó ń dá ewé sí abẹ́ ìkòkò òdòdó mi. Àwọn ará Osaka, ẹnu nìkan ni wọ́n ní."

Baálẹ̀ mu tíì rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Kurata jẹ̀bi."

Àwọn lékeléke ló kọ́kọ́ wá sí Kurata lọ́kàn.

"Ẹnu rẹ lo fi sọ pé ìwọ lo ni ewé. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Láti ọ̀la lọ, ewé tó bá já lára igi yẹn tó sá lọ sójúde Màmá Tome, ìwọ ni wàá lọ mú un, òjò ì báà rọ̀, yìnyín ì báà bọ́. Títí igi wílò yẹn á fi kú."

Màmá Fusae ní igi yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá ìyá òun, kò sì ṣàìsàn rí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Baálẹ̀ wí. "Ṣùgbọ́n ẹlẹ́wọ̀n tí kò ní wọ́dà, sísá ló máa sá. Màmá Tome, ẹ̀yin ni wọ́dà rẹ̀. Láràárọ̀, ẹ ó gbé àga síta, ẹ ó jókòó tì í, ẹ ó sì máa bú u kí ohùn yín dé orí afárá odò. Àárọ̀ tí a ò bá gbọ́ èébú, gbogbo wa la máa sáré wá wò yín."

Yoriko la ẹnu. "Baálẹ̀, Nagoya ńkọ́?"

"Wọ́dà kì í fi ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ rìnrìn-àjò. Ìwọ ni kí o máa wá síbí, kí o wá máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú u." Ó yíjú sí onílé. "Shibano, ẹlẹ́wọ̀n kì í ti Osaka wá ṣẹ̀wọ̀n. Gbé ìwé ilé wá."

Ó mí sí òǹtẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ó ní kí Daigo máa lu agogo lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu ọ̀nà Màmá Tome, nítorí ó pa ẹni tó kí i. Màmá Fusae ní kí wọ́n dá tùràrí òun padà. Màmá Tome kọ̀, ó ní tùràrí kì í bàjẹ́, ó ń bọ̀ wá wúlò.

Láàárọ̀ òní, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ dúró sórí afárá, wọ́n ń wá ibi tí ariwo ti ń wá. Màmá Tome ló wà lórí àga níta, bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí itan rẹ̀. "Osaka, ewé kan wà lẹ́yìn rẹ. Ṣé ojú rẹ fọ́ ni? Lábẹ́ ìkòkò ńkọ́? Ṣé bí ìyá rẹ ṣe kọ́ ọ nìyẹn?" Kurata ń tẹ̀ lé ewé kiri, ó ń bẹ Màmá, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Ó gbá a dé ògiri ìkẹyìn, ó tún gbá ìgbọ̀nwọ́ kan kún un níwájú ilé Màmá Fusae, ó dúró.

Nígbà tó yíjú padà, Màmá Tome ti fa àga rẹ̀ sún mọ́ ààlà ilé wọn. Ó mú ìgbálẹ̀ kékeré kan jáde lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó nawọ́ láti orí ìjókòó rẹ̀, ó sì gbá ìgbọ̀nwọ́ kan níwájú ilé Kurata. Kò dín, kò lé. Ó ki ìgbálẹ̀ náà bọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì padà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú u.