Ike Omi Méjì Nínú Búùtù Bàámi

Tí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ ayé mi, mi ò lè gbàgbé ọjọ́ Sunday tí mo gbé Bàámi lọ sí Ìwáyà. Wọ́n ní mọ́tò kan tó dàgbà jù mí lọ. Nígbà tí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, wọ́n ní tí mo bá lè tọ́jú ẹ̀, tí mo fi gbé wọn lọ kí ọ̀rẹ́ wọn tí ara ẹ̀ ò yá, tí mo sì gbé wọn padà sí Surulere láìséwu, mọ́tò di tèmi nìyẹn.

Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì, torí èyí tó wà níbẹ̀ ti dúdú. Wọ́n kìlọ̀ pé kí n ra irú èyí tí wọ́n kọ sára ìdérí ibi tí wọ́n ń dà á sí nínú mọ́tò, kó sì jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí. Mo rà á bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní Mushin, mẹkáníìkì wa sì pààrọ̀ ẹ̀. Ìdérí agolo ìyókù fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo bá rọ ọ́ sínú ike omi. Nílé wa, kò sóhun tí a kì í rọ sínú ike omi, látorí kẹrosíìnì dórí epo pupa. Mo gbé e sí búùtù.

Láàárọ̀ Sunday, Màámi fún mi ní òróró ẹ̀pà fún ìyàwó ọ̀rẹ́ Bàámi, inú ike omi lòun náà wà. Mo gbé e ti èkejì. Bí Bàámi ṣe jókòó síwájú, ó wù mí kí wọ́n rí i pé mo mọṣẹ́. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé ọ́ìlì bíréèkì fi díẹ̀ dín, mo mú ike kan, mo dà á sí i títí ó fi kún. Bàámi mi orí pé ó dáa. Orí tèmi náà wú.

A dé Ìwáyà wọ́ọ́rọ́. Inú ọ̀rẹ́ Bàámi dùn débi pé wọ́n dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó wọn ti gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán, wọ́n fẹ́ da òróró tí mo gbé fún wọn sínú páànù, ni wọ́n bá dúró. Wọ́n kán an sọ́wọ́, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n gbé ike náà wá fún Bàámi.

Bàámi gbóòórùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní, “Ọ́ìlì bíréèkì nìyí.” Díẹ̀ ló kù kí n fún aláìsàn ní májèlé jẹ. Kò pẹ́ ni wọ́n yíjú sí mi. “Kí ló wá wà nínú mọ́tò?”

Òróró ẹ̀pà Màámi ni mo ti dà sí bíréèkì. Mẹkáníìkì tí a pè sọ pé ká fa mọ́tò lọ, pé òróró máa ń ba rọ́bà bíréèkì jẹ́, gbogbo ẹ̀ la máa pààrọ̀. Ó tún ní, “Àǹtí, ẹyin ló kù tí ẹ ò tíì fọ́ sí i.” Bàámi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, wọ́n fi sápò, a wọ kéké lọlé. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn.

Bàámi ní kí wọ́n tún mọ́tò náà ṣe, wọ́n sì tà á fún aládùúgbò wa kan. Mo ti kọ́gbọ́n báyìí, mi kì í da ohun tí mi ò gbóòórùn ẹ̀ síbì kankan. Àmọ́ ọgbọ́n ọ̀hún pẹ́ kó tó dé. Tí ọkùnrin yẹn bá ti ń kọjá níwájú ilé wa, tó tẹ bíréèkì ní kọ́nà, Bàámi á tẹ́tí sí i.

“Ó mú dáadáa,” ni wọ́n máa wí.

Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí.